Alẹ́ ìbò: ṣé ká jókòó ṣọ́ èsì ni, àbí ká lọ sùn?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan ní Kétu:

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Alẹ́ ọjọ́ ìbò àwọn dẹ́pútè (àwọn aṣòfin), 8 oṣù kìíní 2023, díẹ̀ ló kù kí èmi àti àbúrò mi ki ara wa mọ́lẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé pátì wa ti gba Kétu pátápátá. Ó bọ́ síta, ó ní kí ìyá ọlọ́tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa máa gbé bíà wá, òun á san, gbogbo agbo ilé sì jó títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbà tí CENA, àjọ tó ń ṣètò ìbò ní Bẹ̀nẹ̀, máa sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú, ohun tí wọ́n kà kọ́ la jó fún. Àbúrò mi ní wọ́n jí i ni. Mo ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan, ìwọ ni o ò mọ nǹkan kan látilẹ̀. Látìgbà yẹn kò kí mi dáadáa mọ́. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kéèyàn máa ṣọ́ alẹ́ ìbò, àbí ká kúkú lọ sùn ká dúró de CENA? Àti pé owó bíà yẹn, wọn ò tíì san án títí di báyìí, ta ló yẹ kó san án?

* * *

Ẹ má lọ sùn. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ìdajì àwọn tó máa dáhùn ló máa ní kẹ́ ẹ lọ sùn.

Ohun tí àbúrò yín ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ìbò, fóònù ló ń ṣọ́. Ìbò wà ní bíróò, ibi tí wọ́n ti ń dìbò. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti bíróò, àwọn tó bá ti wà lórí ìlà á di tiwọn tán, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí àpótí níbẹ̀ gan-an, lójú ẹni tó bá dúró, wọ́n á ka ìwé inú rẹ̀, wọ́n á fi wé iye àwọn tó fọwọ́ síwèé pé àwọn ti dìbò, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á pe pátì tó ni ín, ẹnìkan á sì máa fa ìlà sórí pátákó tàbí sórí ìwé. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú ló ń wò ó.

Mo ti jókòó sí bíróò rí gẹ́gẹ́ bí aṣojú pátì, ní ilé-ìwé kan nítòsí Wàńdó níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo). Láago mẹ́ta, èrò kún ibẹ̀ débi pé ẹ ò lè yí ọrùn. Láago márùn-ún, ẹni tó kù ò ju àwa aṣojú, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣeré, àti ìyá kan tó ń ta àkàsà àti ẹja díndín. Ilẹ̀ ṣú, iná ò sí, fóònù wa la fi ń tanná sí ìwé. Tí àmì bá wà láàárín pátì méjì, ìjà dé. Tí tàdáwà bá ta sí ara pátì kejì nígbà tí wọ́n ká ìwé, ìjà mìíràn dé, èyí ní ìbò náà dára, tọ̀hún ní kò dára, olórí bíróò á máa nu òógùn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, àwọn tó máa pariwo lọ́jọ́ kejì pé wọ́n jí ìbò wà nílé, wọ́n ń jẹun.

Èsì kan ṣoṣo tó wà lóòótọ́ lálẹ́ ìbò ni ti bíróò yín. Tiyín nìyẹn, ẹ lè ṣọ́ ọ, ẹ lè bú sẹ́kún lórí rẹ̀, ẹ lè jó sí i. Ti orílẹ̀-èdè kò tíì sí ní aago mẹ́sàn-án. Kì í ṣe pé wọ́n fi pamọ́, kò tíì sí ni.

* * *

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ti kọ ohun kan náà sí mi pé àlá lásán ni mò ń lá, pé wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ tàdáwà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Láti 1972 ni Kérékou ti wà lórí oyè ààrẹ, ọmọ ogun sì ni. Oṣù kẹta 1991, Soglo fìdí ẹ̀ jálẹ̀ nínú ìbò. 1996, Soglo ló wà lórí oyè, òun ló ní ṣọ́jà, òun ló ní rédíò, Kérékou kan náà padà wá ó sì borí rẹ̀. Ẹni tó wà nípò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún márùn-ún! Ta ló kọ èsì sílẹ̀ fún wọn? Ní 2016 ńkọ́, Zinsou ni olórí ìjọba (prime minister) lábẹ́ ààrẹ Yayi, àwọn pátì ńláńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, PRD ti Àjàṣẹ́ wa wà níbẹ̀, òun ló ṣíwájú ní ìpele kìíní pẹ̀lú ìbò tó lé ní 28%, Talon ní bíi 25%. Ìpele kejì dé ní 20 oṣù kẹta, Talon gba bíi 65%. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí CENA tó yanu, Zinsou ti gbé fóònù ó ti kí Talon kú oríire. Mo rántí pé àwọn kan ládùúgbò wa ṣì ń jiyàn kíkankíkan pé Zinsou ló wọlé, Zinsou fúnra rẹ̀ sì ti gbà fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìbò dẹ́pútè 2019 kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá a jà. Pátì méjì péré ni wọ́n jẹ́ kó díje, Union Progressiste àti Bloc Républicain, ti Talon ni méjèèjì, wọ́n pín àga 83 láàárín ara wọn, 47 síbí, 36 sọ́hùn-ún. Wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìbò. Nínú ẹni mẹ́rin tó lórúkọ sílẹ̀, ẹnìkan ló jáde, díẹ̀ ló fi lé. Kí lèèyàn fẹ́ ṣọ́ lálẹ́ yẹn? Mo sùn, mi ò tijú rẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní "ará ìlú mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún, a ò nílò CENA", ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dun èmi jù nítorí ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, àwa la sì máa ń jìyà ẹ̀.

Ẹni tó bá gbé níbí láyé PRD mọ ohun tí mò ń sọ. Houngbédji ni ọmọ wa. Òṣùmàrè ni àmì pátì rẹ̀, kò sí ògiri tí wọn ò kùn ún sí. Ní ìbò ààrẹ 2006 tí ó ku òun àti Yayi Boni ní ìpele kejì, ẹ ò lè rí ẹni tó máa sọ fún yín pé òun dìbò fún Yayi láti Wàńdó títí dé etí ọ̀sà. Bíróò tí ẹ bá dé, òṣùmàrè. Ilé ọkọ àbúrò yín, òṣùmàrè. Àwọn Ègùn, àwọn Yorùbá, ìmàle, kìrìsìtẹ́nì, ọ̀kan náà ni. Alẹ́ yẹn àwọn ọlọ́kadà zẹ̀míjàn ti ń fọn fèrè kiri, ìyá mi ti ń wá ìró tó máa wọ̀ lọ sí ìwúyè. Nígbà tí èsì máa jáde, Yayi gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin! Ìlú dákẹ́. Ìyá mi ká ìró rẹ̀ padà sínú àpótí, ó ní "Níbo ni gbogbo àwọn èèyàn yìí ń gbé?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn o. Wọ́n ń gbé ní Parakou, wọ́n ń gbé ní Kandi, ní Natitingou, ní Ṣábẹ, ní àwọn abúlé tí ọmọ Àjàṣẹ́ ò dé rí. Àwọn náà jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn lálẹ́ yẹn, wọn ò rí ẹnikẹ́ni tó dìbò fún Houngbédji, àwọn náà sì ní "ará ìlú mọ̀."

Ti 2011 le ju ìyẹn lọ, nítorí a ti ń múra ìpele kejì ni wọ́n ní Yayi ti gbé e ní ìpele kìíní pẹ̀lú 53%, Houngbédji ní bíi 35%. Houngbédji kọ̀ ọ́. Lórí ti ọdún yẹn, ẹnu mi ò kún tó láti ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, ìwé orúkọ tuntun, LEPI, àwọn kan wá orúkọ wọn tì nínú rẹ̀, mo mọ lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìwé orúkọ, orúkọ la fi ń rò ó. Ẹni tó ní "gbogbo àdúgbò wa ló dìbò fún un" kò tíì rojọ́ kankan.

* * *

Lórí fọ́tò, kí n má fi gùn.

Tí wọ́n bá fi fọ́tò PV, ìwé tí bíróò ń kọ èsì rẹ̀ sí, ránṣẹ́ sí yín, ẹ wo orúkọ abúlé tàbí àdúgbò àti nọ́ńbà bíróò. Tí kò bá sí, ẹ pa á rẹ́. Ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi síwèé, ti àwọn ọmọ bíróò àti ti àwọn aṣojú. Ẹ ro iye ìbò pátì kọ̀ọ̀kan pọ̀, ẹ fi èyí tó bàjẹ́ kún un, ṣé ó jẹ́ iye àwọn tó dìbò? Mo ti rí PV kan tí ìbò inú rẹ̀ ju àwọn tó lórúkọ sílẹ̀ ní bíróò náà lọ, ẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti ń pín in kiri pẹ̀lú "Ọlọ́run ṣé o."

Èyí tó jẹ́ pé ẹnìkan kàn kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ìwé ọmọ ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣọwọ́ sí mi mọ́. Fọ́fẹ̀ (dátà fóònù) ń náni lówó.

* * *

Mo fẹ́ padà sí àbúrò yín ní Kétu, nítorí mo rò pé ó ṣeé ṣe kó má purọ́, kí fọ́tò rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, kó sì tún fìdí rẹmi. Ibi tó ń ta ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí, ẹ jẹ́ ká tú u.

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé pátì yín gba Kétu. Ó dára. Ìbò dẹ́pútè kì í ṣe ti Kétu nìkan, Kétu àti Pobẹ̀ wà nínú agbègbè ìdìbò kan náà. Gẹ́gẹ́ bí tiwa níbí, Àjàṣẹ́ àti Sèmè-Podji àti Adjarra àti àwọn ará orí omi ní Aguégués, àpò kan náà ni wọ́n ń da gbogbo ìbò wa sí. Kẹ́ ẹ gba Kétu, kí Pobẹ̀ dìbò fún ẹlòmíràn, ijó yín ti dín kù sí ìdajì.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àga 109 ló wà ní 2023, agbègbè ìdìbò 24, àga kan nínú agbègbè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti obìnrin nìkan, kò sí ọkùnrin tó lè jókòó lé e. Lórí gbogbo rẹ̀, òfin ọdún náà ní pátì tí kò bá rí 10% nínú ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní bá wọn débi pínpín àga rárá, bó ti wù kó lágbára tó ní abúlé tiyín. Pátì méje ló díje. Mẹ́ta ló wọlé: UP le Renouveau ní 53, Bloc Républicain ní 28, Les Démocrates ní 28. FCBE ò rí ẹyọ kan, Moele-Bénin ò rí ẹyọ kan, MPL àti UDBN bákan náà. Nítorí náà èèyàn lè dúró ní bíróò rẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i tí wọ́n ka pátì rẹ̀ láago méje alẹ́, pátì náà borí lóòótọ́ lójú rẹ̀, PV wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ọjọ́rú dé ó di òdo. Kò sẹ́ni tó jí i níbẹ̀. Òfin ló mú un lọ, òfin náà sì ti wà nílẹ̀ kó tó lọ dìbò.

Ẹ ò ní láti fẹ́ràn òfin náà o. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó dìbò fún pátì kékeré, ìbò rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n bá ń pín àga, ó sì dùn mí pé kò sí olóṣèlú kan tó jókòó ti ìyá ọlọ́jà láti là á yé e kó tó lọ tẹ àmì. T-shirt ni wọ́n mú wá.

Ti Les Démocrates, wọ́n ní àwọn kò gba èsì náà, pé wọ́n yan àwọn jẹ. Ẹjọ́ wọn lọ sí Kóòtù Òfin-Ìpìlẹ̀, ibẹ̀ náà ló pin sí. Ẹni tó bá mú PV tirẹ̀ dání nìkan ló lè bá wọn wí nǹkan lórí ìyẹn, kì í ṣe àbúrò yín.

* * *

Ẹnìkan láti Ṣábẹ kọ̀wé sí mi, inú bí i gan-an. Kí n sọ ohun tó wí ní ṣókí: ó ní ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ lẹ lè jókòó máa kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń ka PV, pé ní 2021, àpótí gan-an ò dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Òótọ́ ló sọ. Fún àwọn tí kò mọ̀: oṣù kẹrin 2021, kí ìbò ààrẹ tó wáyé, wọ́n ti dí títì ní Ṣábẹ, títì ńlá tó lọ sí àríwá. Ní 8 oṣù náà ṣọ́jà dé, wọ́n yìnbọn, èèyàn kú. Ní 11 tí gbogbo wa lọ dìbò, àwọn ibì kan wà ní apá ibẹ̀ tí wọn ò ti dìbò rárá. Ọdún méjì ṣáájú, oṣù kẹfà 2019, wàhálà ìbò àwọn dẹ́pútè ti kọ́kọ́ jà ní Tchaourou àti ní Ṣábẹ kan náà. Ẹ má gbàgbé pé Tchaourou ni ìlú Yayi, kò jìnnà sí Ṣábẹ, ẹ̀jẹ̀ Nàgó sì wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn kò rí ara wọn nínú àwọn tó ń díje.

Ó ní àwọn gbọ́ èsì náà nínú rédíò, ilẹ̀kùn wà ní títì, wọn ò tanná. Talon 86%, àwọn méjì tó kù pín ìyókù. Ó ní bàbá àwọn kan béèrè pé "Àwa ńkọ́, inú èwo ni wọ́n ka tiwa sí?" kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Èmi náà ò ní ìdáhùn fún un. Gbogbo ohun tí mo kọ lókè, ibi tí wọ́n ti gbé àpótí kalẹ̀ ni mo kọ ọ́ fún. Níbi tí àpótí ò dé, kò sí bíróò tí èèyàn máa ṣọ́, ẹni tó bá sì ní kí wọ́n lọ sùn, àwọn ará Ṣábẹ ò sùn lálẹ́ yẹn, kì í ṣe torí èsì.

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ẹ má bínú sí Àjàṣẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká yà sí Nàìjíríà díẹ̀, nítorí arábìnrin kan tó fẹ́ ọkọ sí Èkó ní àwa ará Bẹ̀nẹ̀ kò tíì rí alẹ́ ìbò, pé kí a wá wo tiwọn.

Àwa kúkú wò ó. Ta ni kò wò ó ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́? Wọ́n ti bọ́dà pa lọ́jọ́ ìbò, 25 oṣù kejì 2023, ẹni tó ní ìyá ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ìdìrókò kò lè kọjá, ṣùgbọ́n rédíò wọn kò mọ bọ́dà. Sátidé ni wọ́n dìbò, fẹ̀ẹ̀rẹ̀ Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹta, ni wọ́n tó kéde Tinubu. Alẹ́ mẹ́rin! Wọ́n á ka ìpínlẹ̀ kan, wọ́n á sinmi, wọ́n á ka òmíràn, Èkìtì ni wọ́n kọ́kọ́ kà, àwọn ọ̀dọ́ ibí ti ń pariwo "Èmi lókàn!" bí ẹni pé wọ́n lórúkọ sílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ìgbà tí ti Èkó wá dé, Obi 582,454, Tinubu 572,606, ilé dákẹ́. Àwọn tó mọ ìwé ní ó tán, ẹni tí kò lè gba ilé ara rẹ̀ kò lè gba ìta. Ó sì gbà á, 8,794,726.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìlú kan kì í ṣe orílẹ̀-èdè, ì báà jẹ́ Èkó.

Ibi tí mo ti yapa sí ọ̀pọ̀ yín nìyí: ẹ ń ní tiwa dára ju tiwọn lọ nítorí pé tiwa kì í pẹ́, kò sí ariwo. Mi ò gbà. Tiwọn ń dun ni, òótọ́, íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣèlérí pé wọ́n máa gbé èsì bíróò ààrẹ sí kọ̀ kò gbà á lákòókò, gbogbo ayé ló bínú. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á síta ní ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ lè fi wé e. Ní 2023, CENA tiwa dákẹ́ láti Sọ́ńdè títí di Ọjọ́rú, kó tó wá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni WhatsApp ti ń rí oúnjẹ jẹ. Tí wọ́n bá ń ka agbègbè kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń dé, kí alẹ́ Mọ́ńdè tó lé, Kétu ti mọ ti Kétu, Pobẹ̀ ti mọ ti Pobẹ̀, àbúrò ẹnikẹ́ni ò ní pàṣẹ bíà.

Ẹnìkan ní bí wọ́n bá ń kà á díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìjà máa bẹ́. Bóyá. Ìjà tó bẹ́ ní 2019 ní Cadjèhoun ní Kútọnu, ìgbà tí CENA ti kéde èsì ló bẹ́ o.

* * *

Rárá, mi ò sọ pé kí àwọn obìnrin tó lọ́mọ lọ́wọ́ máa dúró ní bíróò di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó kọ ìyẹn, ẹ tún un kà.

Ṣùgbọ́n kí n sọ fún yín, ẹni tó mọ èsì jù ní ilé-ìwé tí mo ti jókòó ni ìyá alákàsà yẹn. Kò mọ̀wé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe pátì kan, ó ń ju èso àgbàdo sínú abọ́, abọ́ kan fún pátì kan, ó ní òun fẹ́ mọ èyí tó máa san gbèsè oúnjẹ tí àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ láàárọ̀. Nígbà tí olórí bíróò kà á tán, àgbàdo rẹ̀ àti PV bára mu. Àwa aṣojú mẹ́rin ò bára mu.

* * *

Ó dáa, owó bíà.

Èrò pín sí ọ̀nà púpọ̀ lórí èyí, mo kà wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Àwọn kan ní gbogbo agbo ilé ló mu ún, kí gbogbo agbo ilé dá a. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ gbé ìwé lọ bá olóṣèlú tẹ́ ẹ jó fún, ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ máa rí i níbo? Nọ́ńbà rẹ̀ ti kú láti alẹ́ Sọ́ńdè. Ẹnìkan tiẹ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí èsì ti yí padà, gbèsè náà ti bàjẹ́, pé kò sí àríyá, kò sí owó. Ẹni bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó tajà fún mi.

Tèmi ni pé ẹni tó ní "gbé e wá, màá san" ni kó san. Kò ní "bí a bá borí, màá san." Bí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n bá mu nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ mu, ẹ fún un ní tiyín ní kọ̀rọ̀, kí ó lè rí ojú wò yín, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbò. Èyí tẹ́ ẹ sọ fún un pé "ìwọ ni o ò mọ nǹkan kan" yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ àárọ̀ Ọjọ́rú kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́, ojú èèyàn ṣì ń gbóná nígbà yẹn.

Kẹ́ ẹ sì tètè san án o. Ẹ ní ẹnu ọ̀nà yín ló wà. Ìyá ọlọ́tí ò bá yín jó, kò wo fọ́tò kankan, bóyá ẹlòmíràn ló tiẹ̀ dìbò fún.

* * *

Ẹ ti tún béèrè: ẹni tí kò bá sí lórí ìwé orúkọ ní bíróò yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kó dúró wo kíkà? Níbi tí mo ti jókòó, ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò wọ aṣọ pátì, tí kò dá sí i, kò sẹ́ni tó lé e. Ẹni tí wọ́n lé ni ọ̀gbẹ́ni kan tó mutí wá, tó ń ka ìbò ṣíwájú olórí bíróò. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ mú omi, kẹ́ ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, nítorí àkàsà máa ń tán.